Ọkọ̀ Onídìí Méjì Tí Ọkọ Mi Fàmì Sí

Háà, ilé mi ṣófo o! Baba Morẹ́nikẹ́, olówó orí mi, ó wá di ìgbà kan ná o. Ikú ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ parí iṣẹ́ ọwọ́ yín kó tó mú yín lọ. Mò ń sunkún yín tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ sọ fún mi, tí mi ò lè gbé mì. Inú ìwé ìsìnkú yìí ni wọ́n ní kí n ti kí yín pé ó dàbọ̀, ibẹ̀ náà ni n ó sì ti sọ ọ́.

Ọmọ Òwu, akínkanjú tó ń ṣe ọkọ̀ òkun lórí ilẹ̀ àpáta! Nígbà tí ẹ fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀, tí ẹ wá dá ọgbà yín sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọdẹ́dá, gbogbo Abẹ́òkúta ló fi yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, òkun dà? Ẹ ní tírélà ni yóò gbé e dé òkun. Irú ọkọ̀ tí ẹ sì ń ṣe, ojú wọn ò rí i rí: ara ọkọ̀ méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, tí pèpéle kan so pọ̀ lókè, ẹ́ńjìnì kan nídìí ọ̀tún, òmíràn nídìí òsì. Ìyá mi ló sọ ọ́ ní ọkọ̀ onídìí méjì. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára, bí ẹ tilẹ̀ máa ń fajú ro nígbà tí àwọn obìnrin bá ń pè é bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Fáíbà ni ẹ fi ń ṣe é, aṣọ funfun tí wọ́n fi dígí hun, tí ẹ ń tẹ́ ní ìpele-ìpele, tí ẹ sì ń fi oje kan tí wọ́n ń pè ní rẹ́sìnì rin títí yóò fi le. Ẹ mọ̀ pé aláró ni mí. Bí ẹ bá rin ìpele kan tán, ẹ ó ké sí mi nídìí ìkòkò aró: “Ìyá Morẹ́nikẹ́, wá bá mi wò ó, ṣé aṣọ yìí mu?” Bó bá mu, funfun rẹ̀ á pòórá. Bí kò bá mu, á funfun síbẹ̀, ẹ ó sì ṣí i kúrò. Bó bá le tán, ẹ ó wá máa fi owó ẹyọ kan lù ú káàkiri. Ibi tó bá dún ganran, ó dára; ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Owó ẹyọ yẹn ò jẹ́ kí nǹkan kan sinmi nílé wa. Ẹ fi lu àgbọn, ẹ fi lu ilẹ̀kùn, ẹ fi lu iwájú orí Morẹ́nikẹ́ nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ ní kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kó padà lọ kàwé.

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sójú òkun, èmi ni ẹ mú dání. Ẹ ní ọkọ̀ tí ẹ ò bá lè gbé ìyàwó yín sí, ẹ ò ní tà á fún ọkọ ìyàwó kankan. Nígbà tí a ò rí ilẹ̀ mọ́, ìgbì ń sọ wá sókè, ó ń sọ wá kalẹ̀, mo di irin mú, mò ń pe Jésù. Mo wẹ̀yìn, mo rí yín tí ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò pé àdúrà ni ẹ ń gbà, mo sì gbà pé a ti kú. Àṣé etí ni ẹ fi lé ibi tí pèpéle ti so mọ́ ara ọkọ̀, ibi tí ẹ ń pè ní oríkèé. Ẹ ní ìgbì kì í gbé ìdí méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, oríkèé ni òkun fi ń ya irú ọkọ̀ yìí sí méjì. “Òkun kì í wojú ẹnikẹ́ni.” Bí ẹ ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọkọ̀ Olóyè ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dé. Olóyè, ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní àga iwájú, ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi gbé àwọn ọmọ-ọmọ yín lọ pẹja lójú òkun ni mò ń wí. Ìgbà tí ọkọ mi wà ní ọsibítù ni àwọn òṣìṣẹ́ so oríkèé apá òsì, nínú òjò. Rẹ́sìnì kì í fẹ́ omi. Baba Morẹ́nikẹ́, bí wọ́n ṣe dá yín sílẹ̀ ni ẹ tẹ ọ̀pá dé ọgbà, ẹ sì fi owó ẹyọ lu ibẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ó dún bọ̀ọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ojú yín yí padà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pupa fàmì sí i, ẹ ní, “Màá gé e, màá tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ kan omi bó ṣe wà yìí.” Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí ẹ fi lọ.

Ìgbà tí mo tún máa rí ọkọ̀ yẹn, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó ń dán gbinrin, àmì yín ti wọ abẹ́ ọ̀dà lọ. Àbúrò yín, ọkọ mi kékeré, Bọ̀dá Dàpọ̀, ló ní kí wọ́n kùn ún. Ó fẹ́ kó dúró níwájú ilé lọ́jọ́ ìsìnkú, kí ayé rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kí Olóyè sì gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún un. Ó ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n òun. Mo gbé e dé ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, opó kì í dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Gbájú mọ́ ẹkún rẹ.” Mo bi wọ́n pé ta ni yóò gbé ọmọ tirẹ̀ wọ ọkọ̀ náà nínú wọn. Ẹnì kan ní ká gbàdúrà ìparí. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó wá ku ìwé yìí, nítorí kò sí ẹni tó lè gba ojú ìwé opó lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá Dàpọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun kà á kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé ní Ìbarà. Mo ní mi ò tíì parí rẹ̀. Mi ò purọ́, ó ku ohun tó kàn yìí.

Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn lọ yan pósí, wọ́n ní opó kì í dé irú ibẹ̀. Mo gba ọgbà lọ. Mo fi ìbòmú yín bo imú, mo gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gé fáíbà, mi ò mọ̀ ọ́n lò, igi tó gbé ọkọ̀ dúró ni mo kọ́kọ́ gé. Bó bá jẹ́ àìsàn ló sọ̀rọ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ìkẹyìn ọkọ mi láyé ni mo fẹ́ bà jẹ́ yìí. Síbẹ̀ mo gé oríkèé apá òsì náà, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, aṣọ fáíbà náà tẹ̀lé ọwọ́ mi jáde, gbígbẹ, funfun báláú. Kò mu rárá. Mo jókòó sínú eruku, mo sun ẹkún tí mi ò tíì rí sun láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ.

Aṣọ náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò yín lónìí. Olóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó lọ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò tún oríkèé so nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bọ̀dá Dàpọ̀, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ṣe yín. Ẹ bá mi jà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sin ín ná.

Baba Morẹ́nikẹ́, ẹ gbé ọkàn yín kúrò lórí iṣẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ kankan kò ní bá orúkọ yín rì sínú òkun. Ẹ sùn re o, ọkọ mi.