Máàkì Tí Tíṣà Kò Gbà

Òórùn atalẹ̀ àti aáyù nínú òróró gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ilé oúnjẹ ọ̀rẹ́ mi ní Ìkìrun, kí ooru tó kàn án, kí ariwo karaókè, ẹ̀rọ orin tí àwọn oníbàárà máa ń bá kọrin, tó wá dé. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin yìí ti fi ọdún mélòó kan dáná fún àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe ọ̀nà, kó tó padà wálé wá ṣí tirẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ kò wọ́n. Ọlọ́kadà lè jẹun yó kó sì tún kọrin. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ orin. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Òkukù.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í rí ẹ̀rọ kí n má tú u wò. Bí èèyàn bá kọrin tán, ẹ̀rọ yẹn á kọ máàkì sójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò mọ orin rárá. Bí ohùn ṣe ròkè tó nìkan ló ń wọ̀n. Mo fi aṣọ ìnura gbo orí máìkì rí, ó fún aṣọ ìnura ní ọgọ́rin. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà; bí mo bá yí i sọ́tùn-ún, ẹni tó ń wúkọ́ gan-an á páàsì.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, ó ti rẹ gbogbo wa. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ ń kú ó ń jí, ọwọ́ ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi sì ti wú nítorí agbada irin tó ti ń jù sókè láti àárọ̀ kí ìrẹsì lè yí nínú rẹ̀. Ọ̀sán ni ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dé láti Inísà. Wọn kò fẹ́ iṣẹ́ yìí fún un. Wọ́n ti bá a wá iṣẹ́ olùkọ́ nítòsí ilé wọn. Ọ̀rẹ́ mi sì ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá fẹnu ara wọn tọ́ oúnjẹ òun wò, tí wọ́n ní kò dára, òun á tìlẹ̀kùn.

A gbé àwo ìrẹsì díndín síwájú wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé orin á mú ọkàn wọn rọ̀.

“Ẹ kọ ọ̀kan, Mà.”

“Ṣé orin ni mo bá wá ni?”

Ọlọ́kadà kan tí Ìyá ti kọ́ níwèé rí pariwo láti ẹ̀yìn: “Tíṣà wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o!”

Wọ́n gba máìkì, wọ́n kọ orin ìsìn àtijọ́ kan. Ohùn wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́, eruku ṣọ́ọ̀kì ti jẹ ẹ́ tán. Àánú ṣe mí, mo yí bọ́tìnnì. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún! Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló fún mi nìyẹn?”

“Ẹ̀rọ ni, Mà.”

“Irọ́ ni. Mo máàkì ìwé títí orí mi fi funfun. Mo mọ máàkì tí wọ́n jí.” Wọ́n ti àwo náà sẹ́yìn. “Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń yin oúnjẹ yìí?”

Ọ̀rẹ́ mi jáde láti ilé ìdáná, ó wò mí. Kò bínú, àárẹ̀ ti gba àyè ìbínú. Ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó dá bọ́tìnnì padà fúnra rẹ̀.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ.”

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn.

“Ẹ̀hẹ́n! Tèmi rèé. Mo féèlì.”

“Háà, Tíṣà náà ń féèlì!” ni ọlọ́kadà wí.

“Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ tí ìsọdipúpọ̀ fẹ́ẹ̀ pa.”

Wọ́n wá fa àwo mọ́ra. Ìrẹsì yẹn ti tutù, gbígbóná ló sì dùn. Láti àná la ti sè é kó má baà lẹ̀ mọ́ra bí a bá ń dín in, agbada sì gbọ́dọ̀ rú èéfín kí òróró tó kàn án. Mo fẹ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n mu omi.

“Iyọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀. Kábéèjì rẹ̀ dára, ó ṣì ń dún lẹ́nu. Méjìlélọ́gọ́ta. O páàsì.”

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àga ike, ó fi aṣọ ìdáná bojú, ó sunkún. Kò tìlẹ̀kùn.

Nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń tòògbé padà sí Òkukù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé díẹ̀ ló kù kí máàkì irọ́ mi ba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́ jẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó tún máa ru ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn oníbàárà kan ṣì máa ń rọra bẹ̀ mí pé, “Bọ̀dá, ẹ bá mi yí i díẹ̀.” Kò ṣeé yí mọ́. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bọ́tìnnì yẹn pa síbi tí ọ̀rẹ́ mi dá a padà sí lọ́jọ́ náà.