Bàbá Àtùpà-Kan àti Fọ́tò Ìyàwó Rẹ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ń fẹ̀yìn tì ló sọ Bàbá Àtùpà-Kan, tó ń ya fọ́tò ládùúgbò wa, di olókìkí. Ọ̀gá wọ kóòtù, ó de táì, ó lọ ya fọ́tò tí wọn yóò gbé kọ́ ara ògiri ilé-ìwé lọ́dọ̀ bàbá. Nígbà tó padà wá gbà á, imú, etí kan àti ọwọ́ tó di agogo ilé-ìwé mú ló rí. Gbogbo ìyókù dúdú kirikiri.

"Ẹ̀gbẹ́ ojú mi kejì ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, ọ̀gá. Ó ń sinmi ni."

"Àwọn olùkọ́ ò ní mọ̀ pé èmi ni!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Fọ́tò téèyàn wò lẹ́ẹ̀kan tó bá tirẹ̀ lọ, ṣé ìyẹn náà ni fọ́tò?"

Ọ̀gá gbé e lọ tìbínú-tìbínú. Àmọ́ títí dòní, kò sọ́mọ tó ń gba iwájú ògiri yẹn kọjá láì dúró wò ó.

Ọdún kejì rèé tí bàbá ti lọ, a ò sì tíì rí irú rẹ̀. Yàrá kékeré ló fi ṣe ilé-iṣẹ́. Ó fi aṣọ dúdú bo ògiri, ó kan fèrèsé pa, àtùpà kan ṣoṣo ló gbà láàyè níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń gbé e dání. Kọ́bọ́ọ̀dù kan kún fún agboòrùn, òòlù, ìwé ńláńlá àti aago tó ti kú. Kò ní yà ọ́ títí yóò fi mọ èyí tó bá ọ mu nínú wọn. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo èèyàn: "Kí lọwọ́ yín máa ń ṣe nígbà tẹ́nikẹ́ni ò bá wò yín?"

Alápatà àdúgbò wẹ̀yìn wò kó tó dáhùn. "Mo máa ń hun fìlà fáwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Bàbá kó òwú lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa hun ún. Ìkúùkù méjì àti fìlà ọmọ ọwọ́ ló yọ nínú òkùnkùn. Alápatà tó ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́ sókè ìwọ̀n ẹran.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí fọ́tò gbà, ìyàwó bàbá náà ni.

"Bàbá wọn, gbogbo ojú àdúgbò lẹ ti yà, àfi tèmi. Tí mo bá kú, kí làwọn ọmọ á máa wò?"

Kì í ṣe pé bàbá ò gbìyànjú. Ó fún un ní agboòrùn, ó ní ó jọ ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó fún un ní ìwé, ó ní ó jọ ẹni tó fẹ́ báni ṣẹjọ́. Ọjọ́ tó fún un ní ìgbákọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní kó fi kámẹ́rà sílẹ̀. Ìyá jókòó sórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò bẹ̀bẹ̀ mọ́, ó kàn ń wò ó. Ìgbà yẹn ni bàbá rántí pé òun ò bi í rí. Ó ti rò pé òun mọ̀ ọ́n.

"Ìyá wọn, kí lọwọ́ rẹ máa ń ṣe?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi? Àtùpà yín ni mo ti ń gbé láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n!"

Bàbá gbé àtùpà fún un, ó ní kó gbé e síwájú àyà ara rẹ̀. Ó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Fọ́tò náà rí bàìbàì létí. Lẹ́yìn tí bàbá kú, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe, kó lè mọ́ dáadáa. Ìyá gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Ọwọ́ bàbá yín ló gbọ̀n níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀."