Owó Ẹnu Lákọ́n

Ẹ lọ sílé Timareta nísinsìnyí, ẹ ò ní bá a ní ìjókòó. Á lọ ọkà bálì dé ìdajì, á fi ọlọ sílẹ̀. Á gbé ìkòkò ka iná, á jáde lọ wo òkun, ìkòkò á sì jóná. Mo ti bá a pa iná lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, mo sì bú u dáadáa lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí ògiri kan náà ni ilé tiwọn àti tèmi jọ ní, níbi tí wọ́n ti ń fa ọkọ̀ gòkè ní Aigina níbí. Àmọ́ mo mọ ohun tó ń lé e kiri. Ojú mi ló ṣe. Kí n má sì parọ́, ọwọ́ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ ìlú Hẹmiónè ni, ní òdìkejì omi. Bàbá ẹ̀ ń mòòkùn kó ìgbín òkun tí wọ́n fi ń pa aṣọ olówó láró. Lákọ́n, aládùúgbò mi, tó ń fi oje igi dí ihò ara ọkọ̀, ló lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló bá mú ìyàwó bọ̀. Ìyá ẹ̀, Nikẹ́sò, wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Lákọ́n, ọkọ̀ ni wọ́n ní kí o lọ dí. Èwo wá ni ti eléyìí?"

Ará Hẹmiónè kì í panu mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ní ihò kan wà lẹ́yìn ilé òrìṣà Dẹmẹ́tà wọn tó já tààrà sọ́dọ̀ àwọn òkú, pé ibẹ̀ ni Hẹrakulẹ́sì akọni gbé wọ́ ajá olórí mẹ́ta jáde. Nítorí pé ọ̀nà tiwọn kúrú, òkú wọn kì í bá odò pàdé, kì í sì í wọ ọkọ̀ Kárọ̀n tó ń gba owó tu òkú kọjá. Àwa náà kò kéré ṣá. Ayákọ́sì ọba wa, ẹni tí Séúsì ọba òrìṣà sọ èèrà di ènìyàn fún nígbà tó ku òun nìkan sórí erékùṣù yìí, òun ló ń di kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn òkú nísàlẹ̀ mú títí dòní olónìí.

Lákọ́n a máa fi bá ìyàwó ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà, àwa la ni kọ́kọ́rọ́. Tó o bá dán mi wò, mo máa ní kí wọ́n tì ọ́ síta."

Òun náà á ní, "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, ọmọ èèrà. Ẹni tó bá gba ojú ihò wọlé, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe?"

Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lórí ògiri. Ó dùn mọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń kígbe pé kí wọ́n jẹ́ kí n sùn.

Ọdún tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ọmọ wọn, Yúkò, ni ibà dá Lákọ́n dúbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọkùnrin tó ń dá nìkan yí ọkọ̀ dojú dé! Nikẹ́sò kò sí nílé. Ó ti lọ sí òkè lọ́hùn-ún, ó lọ tọ́jú ọmọbìnrin ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó bá sì ti ilé ọmọ tuntun bọ̀ kì í wọ ilé òkú títí ọjọ́ yóò fi pé. Ó jókòó sójúde lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ó ń sunkún, kò lè wá fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀. Ó wá ku èmi àti Timareta.

A wẹ̀ ẹ́, a fi òróró pa á lára, a fi aṣọ funfun wé e. Mo jáde lọ gbé omi sí ẹnu ọ̀nà, kí àwọn tó ń bọ̀ lè fọwọ́. Nígbà tí mo padà, ìyàwó ti fi ọ̀já di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ ẹ̀, ẹnu ti pa dé. Mo rò pé ó ti fi owó Kárọ̀n sí i lẹ́nu, owó fàdákà wa tó ní àwòrán ìjàpá lára. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Èmi tí n kì í gba ẹja lọ́wọ́ ẹlẹ́ja láìṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò, n kò tú ọ̀já yẹn wò. Ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó là, a gbé e lọ, a sì sin ín.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni gbogbo wa pàdé létí sàréè, a gbé oúnjẹ dání. Ọjọ́ Nikẹ́sò ti pé, òun náà ti dé. Ó da wáìnì sílẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ ẹ̀, ó sì yíjú sí ìyàwó. Ohùn ẹ̀ rọ̀, n kò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

"Ìyàwó mi, o ṣeun tí o tọ́jú ẹ̀. Èwo lo fún un, tuntun àbí ògbólógbòó?"

Timareta ní, "Èwo nínú kí ni, Ìyá?"

"Oníjàpá. Owó tí o fi sí i lẹ́nu."

"Owó wo?"

Mo mọ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé tó fọ́ àwo tí kò mọ̀. Ó ní, "Níbi tiwa, a kì í fi owó sí òkú lẹ́nu. Ta ni wọ́n fẹ́ san án fún?"

Nikẹ́sò fi ọwọ́ méjèèjì lé orí. "Yéè! Aigina ni ọmọ mi kú sí! Odò wà níwájú ẹ̀! Ta ni yóò gbé e kọjá? Ó wà létí omi! Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọ mi wà lórí ìdúró létí omi!"

Ó wá sọ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ibà pa á lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ lo pa á lẹ́ẹ̀kejì." Láti ọjọ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé o! Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, á ní, "Yúkò, sọ fún ìyá ẹ pé òkun ló sè."

Ibẹ̀ ni àìsinmi yìí ti bẹ̀rẹ̀. Timareta kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n hú sàréè. Àwọn àgbà ilé lé e. Ilẹ̀ tí a ti fi lé àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, ta ló ń ṣí i? Ó ri owó mọ́ orí sàréè. Nikẹ́sò gba ẹnu ọmọ sọ ọ́ pé oúnjẹ àti ohun mímu nìkan ni òkú ń rí gbà láti òkè, ẹnu ni Kárọ̀n ń wò. Ni Timareta bá wọ ọkọ̀ lọ sí Hẹmiónè, ó dúró létí ihò wọn, ó ju oníjàpá sínú ẹ̀, ó pe Lákọ́n títí ohùn ẹ̀ fi há. Àwọn ará ilé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé ta ló ń sanwó níbí. Àwòrò obìnrin ibẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá kú síbí ni ọ̀nà yìí wà fún. Ẹni tó kú sí Aigina, etí odò tiyín ló wà."

Ó padà dé, ó tinrín bí okùn. Ó ní, "Ìyá Filínà, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kú ni mo máa rán."

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Ẹni tó bá ń lọ. Wọ́n á fi tiẹ̀ sí i lẹ́nu, màá fi ti Lákọ́n kún un. Tó bá débẹ̀, á fún un."

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta ni? O ò mọ̀ pé owó méjì lẹ́nu òkú kan, ẹni méjì ló ń pè? Ta lo fẹ́ kó bá òkú rìn? Ọmọ ilé wọn?"

Ṣé ó gbọ́? Bí wọ́n bá ní ara ẹnìkan kò yá, Timareta ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ àti ojú àánú. Ó débi pé bí àwọn ènìyàn bá rí i lókèèrè, wọ́n á máa gbá àyà wọn pé, "Ara mi le o! Ikọ́ lásán ni!" Sótíọ̀n apẹja àgbà ti wà láìlajú fún ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ ẹ̀ ti ra òróró tì í. Timareta kúnlẹ̀ sí etí ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń lọ..." Baba la ojú. Ó ní, "Mò ń lọ síbo? Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń lọ?" Ó dìde, ó fi ọ̀pá lé e dé ojú títì. Baba yẹn ṣì ń pẹja. Ó ní ìbínú ló wo òun sàn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń yí sí ibòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúró lórí àpáta etí òkun, owó nínú ìkúùkù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo tẹ̀ lé e. Mo ní, "Kí lò ń wò?"

Kò wẹ̀yìn. "Èmi náà lè gbé e lọ fún un fúnra mi."

Mo fà á láṣọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. "Tí omi bá gbé ọ, ta ló máa rí ọ sin? Ìwọ náà á dúró létí odò, ẹ máa jọ wojú ara yín. Yúkò ńkọ́? Ìwà òmùgọ̀ wo nìyí?" Mo gbá a létí. Mo tún gbá a mọ́ra. Àwa méjèèjì sunkún níbẹ̀ bí aṣiwèrè.

Ọdún kejì, nígbà ìkórè ólífì, Nikẹ́sò ṣubú lábẹ́ igi. Kò jọ pé nǹkan ṣe é, ṣùgbọ́n kò dìde mọ́. Ọjọ́ kẹfà, ó ní kí wọ́n pe èmi àti ìyàwó wọlé. Ọ̀sán gan-an ni, oòrùn wọ yàrá. Timareta wọlé lórí eékún. Ó ṣí ọwọ́, oníjàpá méjì wà níbẹ̀.

"Ìyá, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbóhùn mi. Ọ̀kan tiyín ni, ọ̀kan tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi gbé e. Ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí Ìyá máa sọ̀rọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló bá a sọ ọ́, kò rán ọmọ.

"Méjì. Kí ó wá pe ta ni? Kí ó pe Yúkò, àbí kí ó pe ìwọ?"

"Èmi ni kí ó pè, Ìyá."

"Panu mọ́. Mú ọ̀kan kúrò."

Timareta bú sẹ́kún. Ó rò pé ó ti kọ̀ náà nìyẹn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, inú bí mi sí arúgbó yẹn gan-an.

Nikẹ́sò ní, "Gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀kan yẹn, fi sí mi lẹ́nu, dì í dáadáa. Tí mo bá débẹ̀, màá yọ ọ́ fún ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Kí lẹ máa fi kọjá?"

"Mo gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án, n kò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ó máa lọ. Èmi á jókòó."

Mo ní, "Ìyá Lákọ́n, rárá o! Títí di ìgbà wo?"

Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú. "Àpáta etí òkun yẹn, n kò fẹ́ kí o débẹ̀ mọ́. Wọ́n ń sọ fún mi. Tí mo bá rí ọ lọ́hùn-ún kí irun orí ẹ tó funfun, òkúta ni màá fi lé ọ padà. Kọ́ ọmọ yìí ní iṣẹ́ òwú, fi í fọ́kọ, kí o gbé ọmọ ẹ̀ jó. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Iyọ̀ ẹ ṣì pọ̀ jù," ó ní. Ó pa ojú dé. Ó tó ọjọ́ méjì sí i kó tó kú.

Timareta fi owó náà sí i lẹ́nu níṣojú èmi àti gbogbo obìnrin ilé. Ó ní kí n wò ó, mo wò ó. Ó ní kí n tún un wò, mo tún un wò. Lẹ́yìn náà la di ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó ti pé ọdún méje báyìí. Yúkò ti ń rànwú. Timareta kò lọ sórí àpáta mọ́, ó gbọ́ràn sí ìyá ọkọ ẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ kò rọlẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í yọjú lórí ògiri sí mi.

"Ìyá Filínà, ṣé ẹ rò pé Ìyá rí i níbẹ̀? Wọ́n ní èrò pọ̀ létí odò yẹn."

Mo máa ń sọ fún un pé ìyá kì í wá ọmọ ẹ̀ títí kó má rí i. Á ní òótọ́ ni. Á tún ní, "Òun náà ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ ibi tó jókòó sí kò tutù?"

N kò tíì débẹ̀ rí. Mo máa ń ní kó lọ wo ìkòkò ẹ̀ lórí iná.