Ìfọwọ́sí Bàbá Ìbùkún

Mojíre kì í fojú fo àṣìṣe. Ó ti pé ọdún méjìlá tó ti ń táìpù iṣẹ́ àṣekágbá fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá géètì. Wọn a kọ ìsọkúsọ wá, òun ni yóò bá wọn tún un ṣe. Ìwé Ìbùkúnọlá, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ni kì í ráyè ṣí wò.

Kì í ṣe pé kò bìkítà o. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n wá láti Èkó ní Kérésìmesì 1995, Mojíre ló ṣòfin pé Ìbùkún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án àfi tó bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán, tí bàbá rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì fọwọ́ sí i. Ọládipọ̀ ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni, aago mẹ́rin kì í kọjá kó tó délé. Bí Mojíre bá dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò bi ọmọ léèrè pé, “Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?”

“Wọ́n ti fọwọ́ sí i, Mọ́mì.”

Ọkàn rẹ̀ a balẹ̀.

Àfìgbà tí èsì ìdánwò dé. Ìbùkún tí kì í kọjá ipò karùn-ún wá di ẹni kọkànlélọ́gbọ̀n nínú méjìdínlógójì, nígbà tí ìdánwò àtiwọ girama ku oṣù méjì péré. Inú bí Mojíre débi pé kò lè jẹun. Ó bá ọmọ wí, ó bú géèmù, ó bú ẹni tó gbé e wá. Ọládipọ̀ ní olùkọ́ yẹn ni ò mọ ọmọ kọ́.

Lọ́jọ́ kan, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé já, Mojíre bá tètè palẹ̀ mọ́. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń gbọ́ ariwo géèmù. Ó wọlé pẹ̀lú ìbínú, ó fẹ́ na ọmọ. Ìbùkún jókòó lórí ẹní, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọládipọ̀ ló di páàdì géèmù mú, ti òun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń làágùn, tó ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu.

Mojíre gbé ìwé ọmọ. Ìbùkún kò gba ìṣirò kankan, ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀. Ó ṣí i sẹ́yìn. Olùkọ́ ti fi báírò pupa kọ ọ́ pé kí òbí Ìbùkúnọlá jọ̀wọ́ wá rí òun. Ọládipọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ojú ewé mìíràn, olùkọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta, olùkọ́ béèrè bóyá wọ́n tilẹ̀ ń kà á. Ọládipọ̀ fọwọ́ sí ìyẹn náà, ó kọ déètì sí i bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ́fíìsì.

“Bàbá Ìbùkún, kí lẹ̀ ń fọwọ́ sí látọjọ́ yìí?”

“Dúró ná, ó kù díẹ̀ kí n parí.”

Mojíre yíjú sí ọmọ. “Kí ló dé tó ò bi wọ́n nígbà tí ò yé ọ?”

“Mo bi wọ́n, Mọ́mì. Wọ́n ní tí àwọn bá parí eléyìí.”

Mojíre wo ojú ewé tòní. Ìbùkún kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i sílẹ̀.

Ó yọ wáyà géèmù lára ògiri, kò sì wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

“Ibo ni ò ti yé ọ?”

Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Ó ṣí i, ó ṣí i, títí ó fi dé oṣù kìn-ín-ní.