Eyín Ehoro Ìyá Mi

Orí ewé kúnkúndùnkún la ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe Òwú. Òwú ni ehoro ìyá mi, funfun láti orí dé ìrù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ewé sẹ́nu, ewé bọ́ sílẹ̀. Ó tún un mú, ó tún bọ́.

Ìyá mi tó jókòó tì í lórí àpótí ní, "Máàtà, wá wò ó. Ebi ń pa á, kò sì lè jẹ."

Mo rò pé inú ló ń run ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, itọ́ ti mú irun ibẹ̀ rin gbindin. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà ti kéré bí hóró ọkà bàbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ehoro nílé, tí ẹ bá rí èyí, ẹ má ṣe dúró wòye bíi tiwa.

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, ìyá mi ò lọ sóko ní Kpingni mọ́. Ó pa Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì tì, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ehoro náà wá fún un. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ń jí, tó ń lọ gé koríko nídìí òkè, tó sì ń sọ fún un ohun tí kì í sọ fún àwa ọmọ. Nígbà tí Òwú ò jẹun mọ́, ẹ̀rù ẹni méjì ló ń bà mí: ti Òwú àti ti ìyá mi.

Àlájà tó ń ta ìpápánu lódìkejì ọ̀nà wá kí wa. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín pe ẹni tó máa dúńbú ẹ̀ kó tó rù tán. Ẹran kúkú ni." Kò ní i lọ́kàn láti bú wa. Nítorí ọbẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń sin ehoro níbí.

Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Àlájà, ẹ má bínú. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹran lójú mi."

A gbé e sínú agbọ̀n, a wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Glazoué. A dúró pẹ́ lábẹ́ àtíbàbà láàárín ewúrẹ́ àti ajá. Nígbà tó kàn wá, dókítà tan iná sí Òwú lẹ́nu.

"Màmá, eyín ehoro kì í dẹ́kun híhù títí tó fi máa kú," ó wí. "Tòkè àti tìsàlẹ̀ ló ń lọ ara wọn kúrú. Tiyín yìí ò pàdé ara wọn."

Ó pè é ní "malocclusion" lédè Faransé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àgbọ̀n wọ́, eyín kò ṣe déédéé, ó wá ń gùn láìsí ohun tó ń lọ̀ ọ́. Eyín ẹ̀yìn ti mú ṣóńṣó, ó ti gún ahọ́n Òwú. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó sì rẹ́ eyín náà. Ó kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ fi ohun ìgékánná gé e nílé, torí eyín lè là dé gbòǹgbò.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá mi ń gún koríko lódó, ó ń pò ó mómi, ó ń fi síríǹjì fún un díẹ̀díẹ̀. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé fúnra rẹ̀. A dúpẹ́. Àmọ́ eyín tún hù. A padà sí Glazoué, a tún padà. Lẹ́yìn náà ni àgbọ̀n rẹ̀ wú, omi ń dà lójú rẹ̀ kan. Oówo ti dé inú egungun. Ọyún ehoro kì í ṣàn bíi tèèyàn. Ó ki bíi wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, kì í jáde tán. Ehoro kì í ké tí nǹkan bá ń dùn ún. Ó kàn ká kò, ó ń payínkeke jẹ́jẹ́.

Ìyá mi bi dókítà léèrè pé, "Ṣé ó máa sàn?"

"Rárá, Màmá. Mo lè dín ìrora rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n mi ò lè wò ó sàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ wà ní Kútọnu, àmọ́ bó ti rù yìí, kò ní jí lójú oorun."

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ní kó fún un lábẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ó gbé e lé itan títí èémí fi tán. Nígbà tí à ń bọ̀, kò jẹ́ kí n bá òun gbé agbọ̀n.

Mi ò lè sọ pé ara ìyá mi ti yá. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í dìde lórí ẹní. Èmi náà kì í jẹun láìronú mọ́. Mo máa ń rò ó pé eyín tí Ọlọ́run fi bọ́ ẹran náà ló fi ebi pa á, ara kì í sì í ṣàlàyé ìdí.

Lánàá, ìyá mi ní kí n mú iṣu kan lọ fún dókítà.

Mo ní, "Kí ni kí n sọ fún un?"

Ó gbé iṣu náà lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún un pé mo dúpẹ́ tí kò tàn mí."