Fáàsì Bùrọ̀dá Gbémiga Lórí Pẹpẹ

Ilẹ̀kùn wa kọjú síra ládùúgbò Thames View ní London, èmi àti Bùrọ̀dá Olúgbémiga awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó bàtà jọ, dígí lòun ń kó jọ: fáàsì tí wọ́n ń to òdòdó sí àti ìgò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹnu fẹ́ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgò òfìfo ló kún ilé. Á kàn da ìdí ọ̀kan sókè, á fi àpá ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára irin tí wọ́n fi fẹ́ ẹ hàn mí, á ní ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ pé ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Ó pọ́n bí epo nísàlẹ̀, ó ń di àwọ̀ ìyeyè bọ̀ lókè. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá irú rẹ̀ kó tó rí i láàrin ẹrù àlòkù kan. Kò fi òdòdó sínú rẹ̀ rí, ká má tiẹ̀ sọ ohun gbígbóná, torí ooru lè fọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rí kókó kan lọ́mú ìyàwó rẹ̀, Magdalene. Ẹ̀rù ba obìnrin náà gidigidi. Wòlíì Akínrẹ̀mí ti ìjọ wa ní kó mú ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀ kò tíì lò rí wá, pé inú rẹ̀ ni àbẹ́là àdúrà rẹ̀ yóò ti jó lórí pẹpẹ. Ta ló ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé bí kò ṣe òun? Fáàsì ọkọ rẹ̀ tó pọ́n bí epo yẹn ló gbé wá.

Bùrọ̀dá ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà lọ́jọ́ Sunday náà, àdúrà sì ti wọra. Kì í bá wa gbàdúrà púpọ̀, ẹ̀yìn ìjọ ló máa ń jókòó sí. Mo rí i tó dìde, tó wá bá mi lójú ìjókòó àwọn akọrin.

"Ìyá Fèyí, ó máa bẹ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, that thing can't take heat."

Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹni tí wọn ò bá fòróró yàn kì í ré kọjá irin pẹpẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í pa àbẹ́là àdúrà. Ẹni tó bá pa á, àdúrà olóhun ló pa. Olóhun náà sì nìyí, ìyàwó rẹ̀, tó dojú bolẹ̀ níwájú wa. Bùrọ̀dá rìn dé ìdí irin, ó fọwọ́ dì í mú. Alàgbà kan juwọ́ sí i pé kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn yòókù dijú, èmi ń yọjú wò ó: ó lajú sílẹ̀, ó ń wo àbẹ́là bó ṣe ń jó lọ sílẹ̀. Mo bínú sí wòlíì, mo bínú sí ara mi.

Fáàsì náà bẹ́, ó dún pàá. Wòlíì ní àjàgà ti já, gbogbo ìjọ gbé orin. Magdalene dìde, ó ń jó. Láti ìgbà tí lẹ́tà ọsibítù ti dé, mi ò rí ẹ̀rín rẹ̀ àfi lọ́jọ́ náà. Ó wá bá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó rí omijé lójú rẹ̀, ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nù ún.

"Bàbá Wúrà, ẹ ò rí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò gbàgbọ́."

"Mo gbàgbọ́," ó dá a lóhùn.