Òpó Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ bá mi dúpẹ́, torí ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó máa ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ayàwòrán-ilé ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Baba Gbọọrọ, nítorí gbogbo ìlà tó bá fà ló máa ń tọ́. Ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ló gbà gbọ́: ohun tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe lára ilé, ẹ yọ ọ́ dànù. Fèrèsé ńlá, ògiri funfun, ó parí.

Àbúrò rẹ̀ náà ń ya ilé, àmọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn-ìgbàlódé ni tiẹ̀. Ó ní ilé gbọ́dọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó rántí ohun àtijọ́, kó tiẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé nídìí oúnjẹ, ọbẹ̀ á tutù.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé yín ò lójú."

"Tìẹ ńkọ́? Àtíkè ló pọ̀ lójú ẹ̀."

Ilé alájà mẹ́rin tí ọkọ mi yà, tí ìdílé púpọ̀ wà nínú ẹ̀, ni ìyá wọn ń gbé. Kí n má parọ́, fèrèsé ibẹ̀ ló jẹ́ kí Màmá ṣì lè máa ránṣọ nígbà tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀kùn ló rí bákan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ṣèèṣì wọ ilé aládùúgbò, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sùn sórí ibùsùn onílé. Ó tún ṣẹlẹ̀. Ojú tì wọ́n débi pé wọn ò jáde mọ́. A ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n sunkún, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ di ẹrù nílé ẹnikẹ́ni.

Baba Gbọọrọ dìde, ó jáde. Mo rò pé agídí rẹ̀ ló tún dé. Àṣé ó ti lọ bá agbẹ́gilére. Ó gbé òpó igi méjì dé, tí wọ́n gbẹ́ bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀, tó pọ́n bí ìyeyè, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Màmá. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wá sọ́dọ̀ wa ni?"

"Mi ò wá síbì kankan. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe."

A fi Màmá sílẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri lọ, wọ́n kọjá ilẹ̀kùn kan, wọ́n kọjá òmíràn. Ọwọ́ wọn ba òpó. Wọ́n rọra fọwọ́ pa á lọ sókè, wọ́n pa á wá sílẹ̀, wọ́n sì yọ kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní olóríkunkun tó nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó báyìí.

A fẹ́ tẹ̀ lé wọn wọlé. Màmá yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa lọ sílé yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti délé tèmi."

Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.